Tọ́ọ̀ṣì Kò Mọ Akọ Yàtọ̀ sí Abo

Ní Ìjàn-Èkìtì, kò sí ẹni tó ń lu agogo pé àsìkò àgbọ̀nrín ti dé. Òjò ló ń sọ ọ́. Bí àrọ̀kúrò bá ti ń dá, tí ìyeyè ti já tán nídìí igi, tí koríko ń gbẹ, àwọn àgbà ọdẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó lọ́sàn-án láìmú ju àdá lọ. Ìrìn yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ọdẹ. Òun náà ló ń kú lọ lójú mi, ó sì ń dùn mí.

Ohun tí wọ́n ń wá kò tóbi. Pátákò àgbọ̀nrín là sí méjì, ó gùn ju ti ẹtu lọ. Bí etí ipasẹ̀ bá ṣì mú, ẹran náà kò tíì pẹ́ tó kọjá; bí aláǹtakùn bá ti ta okùn dí ojú ọ̀nà, kí ọdẹ wá ibòmíràn lọ. Wọ́n ń wo igi kékeré tí akọ fi ìwo họ, ìgbẹ́ tó ṣì tutù, ewé ẹ̀wà àti ewé ilá tí ẹnu ti kàn létí oko. Àgbọ̀nrín máa ń dá jẹ ni, ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, kì í sì í jìnnà sí ibi tó mọ̀. Bí ọdẹ bá ti mọ ọ̀nà rẹ̀, á da eérú díẹ̀ sílẹ̀ láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí òórùn ara rẹ̀ má baà ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹran.

Ọrun àti ọfà ló sọ gbogbo èyí di dandan. Ọfà kì í lọ jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ ta á gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹran débi tí á fi rí ìlà funfun ara rẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì, láàárín 1877 sí 1893, ìbọn ni Èkìtì Parapọ̀ fi kojú Ìbàdàn, àwọn ọdẹ náà sì wá ń lo ìbọn. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ṣakabùlà ń dún kí a tó tún ki ẹ̀tù sí i. Ọdẹ kò lè fi í ṣeré.

Tọ́ọ̀ṣì alágbára tí a ń so mórí ló ba nǹkan jẹ́, òun àti ọ̀kadà. Ọmọkùnrin kan á gun ọ̀kadà wọ oko lóru, á tan iná yí ká, ojú ẹran á dán, ìbọn á dún. Ojú méjì péré ló rí. Kò mọ̀ bóyá akọ tó níwo ni tàbí abo tí kò ní, kò mọ̀ bóyá ó lóyún. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni àgbọ̀nrín fi ń gbé oyún, ọmọ kan ló sì sábà máa ń bí. Inú igbó dídí ló ń fi ọmọ náà pamọ́ sí, á lọ jẹun, á padà wá fún un lọ́mú. Àní ó ń jẹ ìgbẹ́ ọmọ náà kí òórùn rẹ̀ má baà tú àṣírí. Bí ìbọn bá gbé ìyá, ọmọ á lúgọ síbẹ̀ títí ebi á fi pa á. Ẹni tó bá rìn lọ́sàn-án á ti rí ipasẹ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, á sì yà.

Ìmọ̀ yìí kò pin sórí ẹran pípa. Nínú igbó ìjọba ní Ìsẹ̀-Èkìtì, àwọn ìnàkí díẹ̀ ṣì wà, àjọ tí Rachel Ikemeh ń darí sì ń dáàbò bò wọ́n. Ìnàkí kì í fẹ́ kí ènìyàn rí òun. Ibùsùn ewé tó ń tẹ́ sórí igi lálaalẹ́ la fi ń mọ iye tó kù, ojú ọdẹ ló sì ń tètè rí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí àwọn ajínigbé kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ wọn ní Emùré, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tó wọ igbó láti wá wọn. Ta ni ká tún rán, bí kò bá sí ẹni tó mọ ipasẹ̀ mọ́?

Mo bá àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ìlà oko wa sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí mi ò bá pa abo náà, ẹlòmíràn á pa á lóru.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, òótọ́ sì ni. Mo ní kí ẹgbẹ́ ọdẹ fẹnu kò, kí ẹni tó bá rí ipasẹ̀ ìyá àti ọmọ so màrìwò sí ojú ọ̀nà náà, kí ibẹ̀ di èèwọ̀ fún gbogbo wa títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi tán. Ó ní kí n bá òun lọ sọ ọ́ lọ́dọ̀ Olúọdẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó igbó. A máa lọ.