Ìgbà Òtútù ní Ìlú Chicago: Ẹ Má Ṣe Fi Oòrùn Dá Ara Yín Lójú

Bí ọmọ yín bá ránṣẹ́ pè yín láti wá bá a tọ́jú ọmọ tuntun ní ìlú Chicago, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọyẹ́ ilé wa ni ẹ ń lọ pàdé. Ọyẹ́ a máa la ètè. Òtútù ọ̀hún lè pa ìka ọwọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìlú náà wà létí adágún omi Michigan, èyí tí ó gbòòrò débi pé a kò lè rí òdìkejì rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá gba orí adágún náà wọ ìlú, a máa gbé ọ̀rinrin bọ̀, a sì dà á sílẹ̀ ní òjò dídì tí ó funfun bí òwú. Síbẹ̀, ohun tí ó ń tan àlejò jẹ ni pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 1967, ooru ìlú náà tó ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ọjọ́ 26, òjò dídì bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dá ní ọjọ́ kejì, ó ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 58, ọkọ̀ sì há káàkiri ojú títì. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, òtútù lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 31 lábẹ́ òdo. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, yìnyín ti ń yọ́. Oòrùn lè ràn yòò lójú ọ̀run ní ọjọ́ tí òtútù mú jù lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń tẹ́tí sí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ kí wọ́n tó jáde. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ woṣẹ́woṣẹ́, nítorí Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ ìkọ̀kọ̀. Ìṣirò ni: wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́, ooru àti ọ̀rinrin, wọn a sì sọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀. Ti ọjọ́ méjì sí mẹ́ta a máa sún mọ́ òótọ́ ju ti oṣù mẹ́ta lọ. Òṣùwọ̀n Fahrenheit ni wọ́n ń lò: bí ẹ bá gbọ́ 32, omi ti ń dì nìyẹn.

Ẹ̀sìn wa kò ni wá lára. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn a máa wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìrun Àìlá, Àláásárì àti Màgàríbì a sì wọlé láàárín wákàtí márùn-ún. Ẹni tí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ lórí àlùwàlá lè fi ọwọ́ tútù pa á lórí nígbà àlùwàlá mìíràn, láìbọ́ ọ. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàápàá pàṣẹ lórí ìrìn-àjò, ní òru òtútù tàbí ti òjò, pé kí ladani kéde kí àwọn ènìyàn kírun ní ibùdó wọn. Bí òjò dídì bá dí ọ̀nà mọ́sálásí, ẹ má ṣe fi ẹ̀mí wewu.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní kí ẹ wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, kí ẹ sì bo etí, ẹ má ṣe rò pé ó ń pàṣẹ fún àgbà. Ẹ so ràkúnmí yín ná, kí ẹ tó gbára lé Ọlọ́hun. Kí Ó mú yín lọ, kí Ó sì mú yín bọ̀ láyọ̀. Àmín.