Nígbà Tí Ẹ̀rọ Bo Ìlù Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa yọ̀ ní Ibo Road níbi ìkómọjáde ọmọ wa obìnrin, Ọlọ́run yóò fi ayọ̀ san án fún yín. Ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò kúrò lọ́kàn wa. Òun ni a fẹ́ bá yín sọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a gbé àwọn àwo orin Sunny Ade tí bàbá wa fi sílẹ̀ jáde. Èyí tí ó bọ́ sí wa lọ́wọ́ ni Aura, ti ọdún 1984. Kò pẹ́ tí bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa fi nawọ́ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ èyí kúrò, ẹ fi Synchro System sí i.” Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ló dé? Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀.

Àwa kò tí ì dé ayé ní 1984, ṣùgbọ́n a gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu bàbá wa. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Island gba Sunny mọ́ra, tí Juju Music jáde ní 1982, tí Synchro System sì tẹ̀lé e ní 1983, inú wọn dùn púpọ̀. Ọmọ wa dé òkè òkun, gángan sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n gé orin kúrú; orin tí ì bá gba odidi ojú kan àwo nílé di ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aura dé, bí Stevie Wonder tilẹ̀ fun hàmóníkà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ oníná ti pọ̀ jù. Gángan wà níbẹ̀ o, a kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó dà bí àgbà tí ń sọ̀rọ̀ láàárín ọjà. Bàbá wa gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá a padà sínú páálí. Àwo náà kò tà tó bí wọ́n ti rò, Island àti Sunny sì pínyà.

Àwọn ọ̀dọ́ ní jùjú ti ń yí padà tipẹ́. Òótọ́ ni. I. K. Dairo, tí wọ́n fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, fi àkọ́díọ̀nù sí jùjú, àwọn àgbà sì jó o. Kí wá ni ìyàtọ̀? Àwa tí ń kọ̀wé ní rélùwéè mọ̀ pé a lè so ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀ṣì mọ́ ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnì má ṣáà ti kúrò níbẹ̀. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni ẹ́ńjìnì jùjú. Ní ìdálẹ̀ tí onílù kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí ẹnu ọ̀nà wa, inú àwo ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gbọ́ ọ.

A fi Synchro System sí i. Bí gángan ti gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀, bàbá àgbà pe àkọ́bí wa, ọmọ ọdún méje: “Kí ni ìlù ń wí?” Ọmọ wojú wa, ó sì fi Hausa dáhùn pé ìlù lásán ni.

Ilé dákẹ́. Ojú tì wá. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn bàbá wa ti ń bá Sunny wí pé ó fi ẹ̀rọ bo ìlù, àwa ńkọ́? Hausa ní ìta, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́, fóònù nínú ilé: ta ló bo ìlù mọ́ ọmọ wa létí? Sunny tilẹ̀ padà sílé. Ní 1998 ó kọ orin àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá sínú Odù, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó du ẹ̀bùn Grammy.

A kò ní kí ọmọ má gbọ́ Hausa. Òun ni a fi ń jẹun ní Kánò. Kọ́ọ̀ṣì ni, kì í ṣe ẹ́ńjìnì. Bàbá àgbà ti ṣèlérí pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, òun yóò máa jókòó ní ẹ̀yìnkùlé wa láti kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ìlù ń wí, láti orí oríkì ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lọ́mọ, kí ó mú un wá. Ẹni tó bá ní gángan nílé, kí ó gbé e wá. Kí òbí náà sì wá jókòó, nítorí nígbà tí bàbá àgbà bi ọmọ wa léèrè, àwa fúnra wa kò gbọ́ ju ìdajì lọ.

Ire o.