Ẹni tó ń lọ s'Ókukù, Fráìdé kọ́ ni wàhálà, Sọ́ńdè ni

Tí ìwé ìpè òkú àgbà bá ti dé láti Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù, tí aṣọ ẹbí sì ti wà lọ́wọ́ télọ̀, ọ̀rọ̀ tó kù fáwọn ọmọ tó wà l'Ékòó kò ju ẹyọ kan lọ: kí la máa wọ̀ dé'lé? Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti kúrò ní kékeré láti May 29, 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó mọ́tò náà sì gbéra, kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Ẹni tó ń lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù nígbà kan, ó ti di ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bi lórí fóònù pé, "Ṣé o ti gbàgbé mi ni?"

Ká sòótọ́, láti Èkó dé Òṣogbo kò le. Ní Ọjọ́ta àti Berger, àwọn agbèrò á máa pariwo, "Òṣogbo! Òṣogbo! Ó ku ẹnì kan!" Ẹnì kan tí wọ́n ní ó kù yẹn, èèyàn mẹ́fà ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí mọ́tò bá gbéra tán, ó di Ìbàdàn, ó di Aṣéjíré, ó di Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń na dòdò sí èèyàn lójú fèrèsé, kó tó yà ní Gbọ̀ngán. Ó tán.

Àwọn kan máa ń sọ pé reluwé ló dára jù. Èyí tó ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní June 2021, mọ́ tónítóní, kò sí gò-sílóò níbẹ̀, èèyàn lè sùn hanrun. Àmọ́ kìlómítà 157 péré ni ojú irin náà, Mọníyà ló sì ja èrò sí. Ẹni tó ń lọ s'Ókukù tó bá bọ́ sílẹ̀ ní Mọníyà tòun ti kúlà, báàgì àti ọmọ méjì, yóò tún wá mọ́tò la Ìbàdàn já kó tó débi tó ti máa rí ti Òṣogbo. Ẹni tí kò bá ní ẹrù ni kó wọ̀ ọ́.

Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé ojú irin àtijọ́, èyí tó lọ títí dé Kánò, àárín Ìkìrun àti Òkukù ló gbà kọjá. Ní 2011, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi reluwé kó èrò lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó nígbà ọdún, Òṣogbo ló sì ń já wọn sí. Ará Òkukù á bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, á máa wo irin tó lọ tààrà sí ìlú rẹ̀, á wá lọ wá mọ́tò.

Láti Òṣogbo yìí gan-an ni ìrìn-àjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìkìrun kò jìnnà, nǹkan bí ogún kìlómítà ni. Méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, ẹ fún ara yín pọ̀. Ìnísà àti Òkukù ṣì wà níwájú, lápá odò Ọ̀tìn. Odò yìí ló gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìlọrin tó ń sá lọ nínú oṣù November 1878, tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Lónìí afárá wà, mọ́tò ni kò tó. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọlọ́kadà á wo ojú èèyàn kó tó dá iye. Ẹni tí kò bá tíì dé Òṣogbo títí aago márùn-ún fi lù, kó sùn síbẹ̀. Òkú kò ní sá lọ.

Mọ́tò tó ń lọ s'Ọ́ffà láti Èkó tún wà, tó máa ń gba ọ̀nà yìí kọjá. Ó rọrùn, nítorí èèyàn kò ní í bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ owó Ọ̀ffà ni dírẹ́bà máa gbà, ì báà jẹ́ Ìkìrun ni èrò ń lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú wa, Ìkìrun lásán ni." "Ìyá, ìjókòó lẹ san owó ẹ̀." Kí wọ́n san án.

Ìdílé tó bá tó mẹ́wàá, kí wọ́n dáwó jọ, kí wọ́n ṣátà bọ́ọ̀sì, kí dírẹ́bà sun ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n fún un ní jọ̀lọ́ọ̀fù. Kì í ṣe nítorí àlọ o, nítorí àbọ̀ ni. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, gbogbo mọ́tò tó ń ti Ọ̀ffà bọ̀ ti kún kó tó dé Òkukù. Ará Ìnísà á na ọwọ́ títí, dírẹ́bà á kàn fọn fèrè sí i ni. Ẹni tó gbọ́n l'Ókukù kò ní í dúró létí títì. Ọ̀ffà ló máa kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń padà sí, kó lè rí ìjókòó nínú gáréèjì kó tó tún gba iwájú ilé ìyá rẹ̀ kọjá lọ s'Ékòó.