Ta Ni Kó Fọwọ́ Kan Orí Ọmọ Wa?

Ṣé òyìnbó lè di irun wa? Ìbéèrè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dájà sílẹ̀ nílé wa lọ́dún tó kọjá. Àǹtí mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá England, ni wọ́n gbé e sórí WhatsApp ẹbí. Ọmọ wọn obìnrin ti pé ọdún mẹ́jọ. Onídìrí aláwọ̀ dúdú tó sún mọ́ wọn jù wà ní Manchester, wákàtí méjì nínú ọkọ̀ ojú irin, iṣẹ́ alẹ́ ni àwọn sì sábà máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n òyìnbó obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù sí àdúgbò wọn, ó kọ ọ́ sára fèrèsé pé kò sí irú irun tí òun kì í ṣe. Ṣé kí àwọn mú ọmọ lọ síbẹ̀?

Ká tó wí ká tó fọ̀, Màámi ti fi ohùn ránṣẹ́ láti Àpòmù: "Ẹ má gbé orí ọmọ mi fún ẹni tí kò mọ orí o!"

Èmi ni wọ́n ní kí n dá sí i, torí iṣẹ́ mi ni. Àpòmù ni mo ti kọ́ṣẹ́, Ìkirè ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí. Tí o bá mọ ìlú méjèèjì, o mọ̀ pé wọn ò jìnnà síra rárá. Ọ̀kadà kan ló máa gbé ẹ láti ibi tí wọ́n ti ń ta dòdò Ìkirè dé ọjà Àpòmù.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn Màámi. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra òyìnbó. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà wa, orí ẹni ni òòṣà àkọ́kọ́ tí èèyàn ń bọ. Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀, onídìrí ni ìtàn pè é, òòyà kì í sì í jìnnà sí i. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká fi irun oníbàárà sílẹ̀ káàkiri. A ó gbá a jọ, a ó kó o sọ́wọ́ olórí, torí ìgbàgbọ́ wa ni pé ẹni tí irun ẹ bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè fi ṣe ẹ́ ní jàǹbá. Ẹni tí inú ẹ̀ mọ́ sí ẹ ló yẹ kó jókòó lẹ́yìn ẹ.

Ìdí kejì tí ẹ̀rù fi ń ba èèyàn kì í ṣe ti òòṣà rárá. Ní Britain tẹ́lẹ̀, èèyàn lè kọ́ iṣẹ́ irun, kó gbàwé ẹ̀rí, láìfọwọ́ kan irun bíi tiwa rí. Ẹni tó bá wù ló máa ń yan ẹ̀kọ́ yẹn nígbà náà. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìlànà náà padà, pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe irun tó ká àti irun tiwa. Ní ìpínlẹ̀ New York, 2023 ni gómìnà fọwọ́ sí òfin tó fara jọ ọ́. Gbogbo ẹni tó ti gbàwé ẹ̀rí ṣáájú ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí ọmọ ẹ ni wọ́n máa fi kọ́ṣẹ́.

Irun wa sì nílò ẹ̀kọ́. Nítorí pé ó ká, òróró tí awọ orí ń sun kì í tètè dé ṣóńṣó rẹ̀, ìyẹn ló fi ń gbẹ. Gbogbo ibi tó bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ló ti lè já. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ fi omi rin ín, á bẹ̀rẹ̀ sí í yà á láti ṣóńṣó lọ sí ìdí. Ẹni tí kò mọ̀ á ki òòyà bọ̀ ọ́ láti ìdí, á fà á wálẹ̀. Tí wọ́n bá sì ń di iwájú orí le jù léraléra, irun ibẹ̀ á máa sá sẹ́yìn. Tó bá pẹ́ jù, kò ní hù mọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Ta ló ń fa iwájú orí àwọn ọmọ wa sẹ́yìn níhìn-ín? Àwa náà ni. Mo mọ ọmọbìnrin tó délé láti ṣọ́ọ̀bù, tí iwájú orí ẹ̀ sú bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ, tó gbé paracetamol mì kó tó lè sùn. Tí oníbàárà bá gbé irun tí kò ní rílásà wọlé, ohun tí á kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Àǹtí, irun yín mà le o!" Àwọn ọmọ iṣẹ́ míì wà tí wọ́n lè rán wíìgì dáadáa, àmọ́ fún wọn ní òwú dúdú kí wọ́n fi kó irun, wọ́n á máa wò ẹ́. Wọ́n dúdú bíi tèmi. Àwọ̀ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Kì í sì í ṣe òní la bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí fún àlejò. Hausa tó ń gbé àpò abẹ kiri ló máa ń fá orí bàbá bàbá mi. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Bàbá á kọ́kọ́ wo abẹ, wọ́n á wo orí ẹni tó ṣáájú wọn, kí wọ́n tó jókòó. Àpòmù náà, ọjà tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ni láyé àtijọ́, Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jí èèyàn gbé tà, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó fa ogun Òwu. Àwọn tó ń jí wọn gbé kì í ṣe òyìnbó o. Èèyàn bíi tiwọn ni.

Ohun tí mo sọ fún Àǹtí mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dá lọ, kí wọ́n má mú ọmọ dání. Kí wọ́n bi obìnrin náà pé: níbo lo ti kọ́ irun wa? Fi irun tó o ṣe hàn mí. Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe tó o bá tú irun ọmọ mi? Obìnrin náà dáhùn pé òun ti gbàwé ẹ̀rí tipẹ́ kóun tó lọ sanwó kọ́ irun tiwa lọ́tọ̀. Ó fi fọ́tò hàn wọ́n. Ó ní òun á fi omi rin ín, òun á bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó. Nígbà tí Àǹtí béèrè irun kíkó, ó ní òun ò mọ ìyẹn. "Mi ò mọ̀ ọ́n" yẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí ìmọ̀ òun parí sí kò ní fi orí ọmọ dánra wò.

Ó wá ku ẹni tó ni orí. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì bi ọmọ náà léèrè nínú gbogbo ariwo wa. Nígbà tí a bi í, ohun kan ló sọ: "Mi ò fẹ́ kó dùn mí."

Wọ́n lọ lọ́jọ́ Sátidé. Èmi àti Màámi wò ó lórí fóònù láti Àpòmù. Ìdì ẹ̀ ò le bíi tiwa, ṣùgbọ́n ìlà orí ẹ̀ tọ́, ọmọ náà sì ń jẹ bisikíìtì. Màámi wò ó títí, wọ́n ní, "Ó ń ṣe é jẹ́jẹ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo irun tó já sínú ọ̀rá, kí wọ́n gbé e wálé. Wọ́n kó o.

Ohun kan ṣì kù tí obìnrin yẹn ò lè fún un. Kò lè sọ fún un pé èyí ni ṣùkú, èyí ni kòlẹ́sẹ̀, èyí ni ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kò sì lè pa àlọ́ fún un bí orí ẹ̀ ṣe wà láàárín orúnkún ìyá àgbà. Ìyẹn kù sọ́wọ́ àwa. Màámi ti ń kọ́ ọ ní orúkọ wọn lórí fóònù, ìkan ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìwọ tó ò ń ka èyí, yálà Ìkirè lo wà tàbí Houston, bi onídìrí ẹ ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn kó o tó jókòó, kó dúdú, kó funfun. Tí ó bá ń fà ẹ́, sọ̀rọ̀. Tí ò bá gbọ́, dìde, kódà kó jẹ́ ààbọ̀ ló dì dé.