Òṣùpá Ìtunu Ààwẹ̀ àti Omi Òkun Èkó



Àwa ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ odò. A kò mọ òkun. Odò Ògùn tí ń ṣàn ní ilẹ̀ wa kì í padà sẹ́yìn. Iwájú ni ó ń lọ títí yóò fi dé ọ̀sà Èkó. Ṣùgbọ́n omi òkun tí ó wà níwájú níbẹ̀ ń lọ, ó sì ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kejì Ìtunu Ààwẹ̀ kan, mo kó àwọn ọmọ lọ kí ẹbí wa ní Èkó, a sì lọ ṣeré ní etí òkun Lẹ́kí. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, a tẹ́ ẹní sórí iyanrìn gbígbẹ. Ìgbì jìnnà sí wa. Kí Àlàásárì tó tó, omi ti dé orí ẹní. Ọmọ wa kékeré ń sùn níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó sáré gbé e. Àwa kò kúrò lójú kan. Omi ni ó wá bá wa.

Kí ni ó fà á? Òṣùpá ni Ọlọ́run Ọba fi ṣe é. Òṣùpá ń fa omi òkun mọ́ra. Omi a ga ní ìhà ayé tí ó kọjú sí òṣùpá, a sì ga ní ìhà tí ó kẹ̀yìn sí i, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára òṣùpá ti kéré jù. Bí ayé sì ti ń yí, omi Èkó ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín ọ̀sán àti òru. Láti kíkún kan dé èkejì tó bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Nítorí náà, bí omi bá kún ní agogo mẹ́rin lónìí, lọ́la yóò kún ní nǹkan bí agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 50. Ní Èkó, ìyàtọ̀ omi kíkún àti omi fífà kò ju bí mítà kan lọ, ṣùgbọ́n lórí iyanrìn tí ó tẹ́jú, omi a gòkè jìnnà.

Oòrùn náà ń fa omi, bí agbára rẹ̀ kò tilẹ̀ tó ti òṣùpá. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, àwọn méjèèjì a fà á lójú ìlà kan. Omi a sì kún ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Ẹ wò ó: ìgbà tí àwa tí ń wòṣù fún ìjọ bá kéde oṣù Ṣáwálì ni omi ń kún jù, ìgbà náà gan-an sì ni àwọn ọmọ wa ń rọ́ lọ sí etí òkun! Ti Iléyá sàn díẹ̀: oṣù ti di ọjọ́ 10, oòrùn àti òṣùpá kò sí lójú ìlà kan mọ́.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2012, nígbà tí Ìtunu Ààwẹ̀ ku ọ̀la, òkun ya bo etí omi Kúrámò ní Èkó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Òṣùpá nìkan kò lè ṣe èyí. Nígbà tí ìgbì ńlá bá pàdé omi kíkún ni ewu ń pọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá dé etí òkun, ẹ wo ibi tí omi ìṣáájú kó pàǹtí sí lórí iyanrìn; òkè ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹní yín sí. Ẹ bi àwọn apẹja léèrè ìgbà tí omi yóò kún. Ẹ má ṣe fi ọmọdé ṣọ́ ọmọdé. Òṣùpá tí a fi ń mọ ọjọ́ ọdún wa, ẹ jẹ́ kí a fi mọ ọjọ́ òkun pẹ̀lú.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, tọmọtọmọ. Àmín.