Ọ̀nà Ṣakí Ni Mo Gbà Dé Ìdí Iṣẹ́ Mi

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà láti Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn kí ó tó kọrí sí Ṣakí. Ó lè gba Mọníyà, ó sì lè yí gba Ọ̀yọ́. Ní ọdún 2014 tí mo kọ́kọ́ rin ìrìn náà, ọ̀nà Mọníyà ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ tí ó bá fẹ́ràn mọ́tò rẹ̀ kì í dá a láṣà. Ọ̀yọ́ ni a ń yí gbà. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tún kìlómítà 65 ọ̀nà Mọníyà ṣe, àwọn oníṣòwò tí ń kó ẹrù bọ̀ láti Òkè-Ògùn sì mọ ohun tí ìyẹn gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ẹrù ni èmi ń lọ kó. Iṣẹ́ ni mo ń wá. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ní ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ọ̀rá nísàlẹ̀ àpótí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí pé ìlú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í sí lẹ́nu àwọn tí ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn. Èkó ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ.

Ọdún 2012 ni mo gba ìwé-ẹ̀rí NCE nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ń fi ìwé ìwáṣẹ́ sílẹ̀ kiri ọ́fíìsì, tí wọ́n ń sọ fún mi pé kí n padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Èkó ní kí n wá bá òun, kí n máa sùn ní pálọ̀. Ìyá mi tí ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àbúrò mi méjì ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́, àti pé ìdí èlùbọ́ kan náà ni gbogbo wa ti ń jẹun.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 2014, iléeṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n pe àwọn tí ń wá iṣẹ́ sí ìdánwò ní àwọn pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. Olúkúlùkù ti san ₦1,000 kí orúkọ rẹ̀ tó lè wọlé. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n sì tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ju mẹ́wàá lọ ni kò padà délé. Aboyún wà nínú wọn. Ìyá mi gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò ní ìsọ̀ rẹ̀, ó sì pa á.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkùnrin kan wá bá a pé bí ó bá lè mú ₦120,000 wá, òun yóò fi orúkọ mi sínú ìwé iṣẹ́ ìjọba kí oṣù tó parí. Ẹ̀rù ti ba ìyá mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Owó òwò rẹ̀ ni. Kò ní òmíràn.

Obìnrin kan wà tí ń kó èlùbọ́ wá fún un láti Ṣakí, a kì í mọ orúkọ mìíràn fún un ju Ìyá Ṣakí lọ. Òun ni ó bá wa lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ìṣirò ni wọ́n ní o kọ́, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní, "Kí ni o wá jókòó tì níbí? Láti ọdún tó kọjá ni ọmọ mi kò ti rí ẹni kọ́ ọ ní ìṣirò. Ìyá Bódìjà, ẹ dá owó yín padà sínú àpò. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ lé mi lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ náà ná. Bí kò bá wù ú, yóò padà."

Báyìí ni mo ṣe bá Ìyá Ṣakí àti àwọn àpò òfìfo rẹ̀ wọ ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀ ní àfẹ̀mọ́jú. A kọjá Ọ̀yọ́, a kọjá oko Fáṣọlá, a sì dé Ìsẹ́yìn nígbà tí oòrùn ti mú. Ìlú aṣọ òfì ni Ìsẹ́yìn, ènìyàn a sì máa gbọ́ ìró òfì kí ó tó rí ẹni tí ń hun ún. Ibẹ̀ náà ni àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Ètò tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1973 yẹn a máa gbé ọmọ yunifásítì lọ síbi tí kò dé rí, wọ́n á sì fún un ní owó ìtọ́jú lóṣooṣù. Àwa tí a gba NCE kò sí nínú rẹ̀. Owó ọkọ̀ ara wa ni a fi ń lọ síbi tí a kò dé rí.

Láti Ìsẹ́yìn lọ, ilẹ̀ yí padà. Àwọn igi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, wọ́n sì fọ́n káàkiri: igi emi tí a ń fún òrí lára èso rẹ̀, àti igi igbá tí ń so irú. Òkúta ńláńlá yọrí sókè láàárín pápá, ebè iṣu sì tò lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó wà ní Òkè-Ògùn yìí, oúnjẹ tí àwa ará Ìbàdàn sì ń jẹ, ibẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Bí a ṣe ń sún mọ́ Ṣakí ni àwọn aṣọ́bodè ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà, nítorí pé ilẹ̀ Benin kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn tí ń bọ̀ láti Ṣakí ni wọ́n ń tú ẹrù wọn. Àwa tí a ń lọ, wọn kò bi wá ní nǹkan kan.

Òkè Àsabàrí ni ó kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Ìlú ńlá ni Ṣakí, ẹ má ṣe rò pé abúlé ni. Ọba ibẹ̀ ni Ọ̀kẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná kò sí ní alẹ́ tí mo débẹ̀, ilé Ìyá Ṣakí ni mo sì sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí mi, ó wò ó fìrí, ó dá a padà fún mi, ó sì kó ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí á lọ." Ọmọ tí ó lé ní 70 ni mo bá nínú yàrá kan. Mo bi wọ́n léèrè pé bí ènìyàn mẹ́rin bá fẹ́ pín kọ́ńgò èlùbọ́ mẹ́ta dọ́gbadọ́gba, kí ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sẹ́yìn dáhùn kí n tó gbé ṣọ́ọ̀kì kan pátákó: "Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, sà." Kò tíì mọ bí a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí èlùbọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a jáde, ọ̀gá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi. Ìjọba kò tíì fi olùkọ́ ìṣirò ránṣẹ́ sí i. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni yóò máa san owó mi, ₦9,000 lóṣù. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Nàìjíríà nígbà náà jẹ́ ₦18,000. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo lórí fóònù pé mo ti ta ara mi lọ́pọ̀. Èmi ṣírò ó: yàrá mi ₦1,000 lóṣù, iṣu kò wọ́n, n kò sì ní wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. ₦2,000 lè kù tí n ó máa fi ránṣẹ́ sílé. Ní Èkó, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó fẹ́ gbà mí ni ₦9,000 yóò ti tán. Mo ní mo gbà.

N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí náà, láti oṣù Karùn-ún títí iṣu tuntun yóò fi jáde, ọwọ́ wọn a máa há. Owó oṣù Kẹfà mi ní ọdún àkọ́kọ́, iṣu ni wọ́n fi san án ní oṣù Kẹjọ, mo sì fi ọkọ̀ Ìyá Ṣakí kó o lọ sí Bódìjà fún ìyá mi láti tà. Ó tà á ní iye tí ó ju ohun tí wọ́n jẹ mí lọ! Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ibodè ilẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, àwọn òbí tí ń ṣòwò pẹ̀lú ilẹ̀ Benin kò rí owó san mọ́, àwọn ọmọkùnrin mìíràn sì fi kíláàsì sílẹ̀, wọ́n ń fi alùpùpù ṣe fàyàwọ́ ìrẹsì. Mo lọ bá bàbá ọ̀kan nílé. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà, ìgbà wo ni wọ́n ti san owó yín kẹ́yìn?" N kò rí èsì fún un. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí ibodè mẹ́rin. Kí ó tó di ìgbà náà, kòrónà ti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa.

Ọdún 2020 yẹn kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ polówó iṣẹ́ olùkọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni a ti ṣe ìdánwò, ẹnikẹ́ni kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ó kan ìbéèrè ojúkojú, wọ́n bi mí bóyá mo lè ṣiṣẹ́ ní ibi tí ó jìnnà sí ìgboro Ìbàdàn. Mo ní ibẹ̀ ni mo ti wá. Wọ́n wo ara wọn. Ìwé mi jáde ní ọdún 2021, Ṣakí ni wọ́n sì kọ sí i.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, kí ó wá kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, kí ó lọ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, kí ó sì béèrè oṣù tí ẹgbẹ́ òbí máa ń san owó kí ó tó béèrè iye rẹ̀. Kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Bí ó bá sì ń wá yàrá, kí ó wá èyí tí kànga wà nítòsí rẹ̀, nítorí pé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi ni ohun tí yóò kọ́kọ́ wọ́n ọn.