Ẹ Sọ Ibi Tí Ẹ Ń Lọ Fún Ará Ilé

Ìgbà ooru tún ti ń bọ̀, yìnyín ti ń yọ́ lórí òkè, àwọn tó fẹ́ràn odò nínú wa sì ti ń nu ọ̀pá ìpẹja wọn. Ìdí nìyí tí àwa ará ilé kan ní Calgary, ní Kánádà, fi ní kí á sọ ohun tí ojú wa rí fún yín, kí irú rẹ̀ má baà ṣe ẹlòmíràn.

Àwa mẹ́ta ni à ń gbé ilé náà. Èyí tó dàgbà jù nínú wa ni à ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, àwọn ló sì kọ́ wa ní ẹja pípa. Bí ọkọ̀ bá rìn fún nǹkan bíi wákàtí kan láti ilé wa, ó ti dé Kananaskis, níbi tí odò tútù ti ń ṣàn láàárín àwọn òkè. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16, tí kò tíì pé 65, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ó sì mọ ẹja tí òfin ní kí á dá padà sínú omi. Bull trout wà lára wọn: láti ọdún 1995 ni kò ti sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé e lọ sílé ní Alberta. Nítorí pé àkókò iṣẹ́ wa kò bára mu, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa a máa dá lọ sódò ni.

Ṣùgbọ́n igbó yẹn ní onílé. Béárì dúdú wà níbẹ̀, grizzly tó ní iké léjìká náà sì wà níbẹ̀. Kí á tó dé ìhín, béárì tí a mọ̀ kò ju méjì inú Bíbélì lọ, àwọn tó jáde láti inú igbó nígbà tí àwọn ọmọ kan fi orí pípá Èlíṣà ṣe yẹ̀yẹ́. A sì máa ń fi wọ́n ṣe àwàdà pé orí tiwa kò tíì pá.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ẹ̀gbọ́n jáde ní kùtùkùtù. A gbọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀. Wọ́n ní, "Mo ń bọ̀ o." A ní, "Ẹ kú ìrìn o, odò á gbè yín o." Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé odò wo ni. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà: ọmọdé kì í bi àgbà tó ń jáde pé níbo ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bi ọdẹ pé igbó wo ló ń rè.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lù, wọn kò dé. Aago mẹ́jọ lù, a gbé oúnjẹ wọn, a dé e. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ilẹ̀ ti ṣú. A pe fóònù wọn títí, kò wọlé, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi láàárín òkè wọ̀nyẹn, fóònù kì í ṣiṣẹ́. A pe 911. Obìnrin kan dá wa lóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá pẹ̀lú sùúrù: Odò wo ni? Níbo ló gbé ọkọ̀ sí? Kí ni nọ́ńbà ọkọ̀ náà? Aṣọ wo ló wọ̀? Aago mélòó ló ní òun máa dé?

Nínú ìbéèrè márààrún, a kò rí ẹyọ kan dáhùn. Ojú tì wá gan-an. Àwa tí a jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan láti ọdún méjì, a kò mọ apá ibi tí a ó ní kí wọ́n gbà wá ẹ̀gbọ́n wa lọ. Èyí tó kéré jù nínú wa lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń ro ẹni tí yóò pe màmá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ọ̀rọ̀ tí ẹni náà yóò kọ́kọ́ sọ.

Aago kan òru kù díẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ìró ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni. A ò mọ ìgbà tí a dì mọ́ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹja ti wà lẹ́nu ìwọ̀ wọn, ó ń jà nínú omi, nígbà tí wọ́n gbójú sókè tí wọ́n rí abo grizzly kan pẹ̀lú ọmọ méjì, ní nǹkan bí 40 ìṣísẹ̀ sí wọn. Omi ń hó, béárì náà kò gbọ́ ìró wọn. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kò sì gbóòórùn wọn. Agolo ata tí wọ́n rà nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú àpò, àpò sì wà lábẹ́ igi, lẹ́yìn béárì.

Wọ́n gé okùn ìwọ̀, wọ́n jẹ́ kí ẹja lọ, nítorí pé ẹja tó ń ta pàrà lójú omi dà bí ìgbà tí a bá ń pe béárì wá jẹun. Wọn kò sáré. Béárì lè sáré tó 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. A bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní, "Mo ní, Ìyá, ẹ má bínú, n kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, mo ti ń lọ." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ṣùgbọ́n ife tíì ṣì ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn.

Béárì náà dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, ó wò wọ́n, ó sì padà sídìí èso pupa kéékèèké tó ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ èso yẹn gan-an ni ọ̀nà tó lọ síbi ọkọ̀ gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n dúró lókèèrè títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ìyá àti àwọn ọmọ tó kúrò níbẹ̀.

Àwọn fúnra wọn ló ka àṣìṣe wọn fún wa. Èkíní, wọ́n dákẹ́. Apẹja a máa rò pé ariwo ń lé ẹja, ṣùgbọ́n ohùn ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú omi. Ẹsẹ̀ tí a bá fi kilẹ̀ létí odò ló ń dẹ́rù ba ẹja. Ẹni tó bá dá wà létí odò tó ń hó, kí ó máa sọ̀rọ̀ sókè, kí ó máa kọrin, kí ó máa pàtẹ́wọ́ níbi tí ọ̀nà bá ti kọ́rọ̀. Aago kékeré tí àwọn kan ń so mọ́ àpò kò tó.

Èkejì, ata wọn kò sí ní ìbàdí. Ìwádìí tí Tom Smith, Stephen Herrero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2008 lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Alaska fi hàn pé ìdá 98 nínú 100 àwọn tó mú ata náà dání nígbà tí béárì sún mọ́ wọn ni kò fara pa. Kì í ṣe ohun tí à ń fọ́n sára tàbí sára àgọ́ bí oògùn ẹ̀fọn o. Iwájú béárì tó ń bọ̀ ni à ń fọ́n ọn sí, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: wọn kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ, àwa náà kò sì bi wọ́n. Oṣù kejì rẹ̀ kò tíì wọlé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí tún yé wa sí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, grizzly pa ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ajá wọn ní àfonífojì odò Red Deer, nínú igbó ọba Banff. Wọ́n mọ igbó dáadáa, wọ́n sì ní ata lọ́wọ́. Nítorí náà, ata kì í ṣe ìfúnpá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹ̀rọ sátẹ́láìtì kékeré ránṣẹ́ síta, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sì mọ ibi tí wọn yóò forí lé lóru ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni ìwé kan ti wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa. Ẹni tó bá ń lọ sódò yóò kọ orúkọ odò, ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí, nọ́ńbà ọkọ̀, àwọ̀ aṣọ, àti wákàtí tí yóò dé. Bí wákàtí náà bá fi méjì kọjá, ẹni tó wà nílé yóò pe àwọn ẹ̀ṣọ́, kò ní dúró kí ojú máa tì í. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ kọ orúkọ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ máa bi mí o. Bí mo tilẹ̀ bínú, ẹ ṣáà bi mí."

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn odò, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ tó bi í bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Odò á gbè wá o.